Gíráńdà Tí Àna Mi Yàn Fún Mi

Rárá, Àlájà, ẹ má gbé àga fún mi, mi ò jókòó, orí ìnàró ni màá ti sọ ọ́, torí bí mo bá jókòó báyìí ẹ máa gbé omi tútù wá, bí mo bá mu omi yín tán inú mi á rọ̀, ẹ ó ní "Lùkúmàn, máa lọ sílé, ọ̀rọ̀ ti tán," èmi náà á sì máa lọ sílé bí òmùgọ̀, ọ̀rọ̀ ò sì ní tíì tán! Tòní ò ní rí bẹ́ẹ̀. Àlíyù tà mí! Àlíyù ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, Àlíyù tí ẹ̀yin fúnra yín fà mí lọ́wọ́ lọ bá, ó tà mí lọ́sàn-án gangan, ó tún wá jẹun nílé mi lẹ́yìn tó tà mí tán!

Kí n rọra? Ta ní máa rọra? Ẹ jẹ́ kí gbogbo àdúgbò Poudrière yìí gbọ́, kí ẹni tó ń yan ẹran níta yẹn náà gbọ́, kó bá mi rò ó fún àwọn oníbàárà rẹ̀.

Mo mọ̀ pé wọ́n ní bí ọkọ bá mojú aya tán, alárinà á yẹ̀ba. Mo mọ̀, Àlájà Kúbúrátù. Ọdún kọkànlá rèé tí ẹ ti yẹ̀ba, èmi àti Ànísátù ò sì fi ẹjọ́ kankan yọ yín lẹ́nu rí. Ṣùgbọ́n ta ni kí n lọ bá? Ìyàwó mi? Kí n wá sọ fún un pé ọ̀dàlẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó wá máa yàn láàrin èmi àti ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀? Àbí kí n lọ bá Ìmáàmù, kí n ní ẹ gbà mí, wọ́n fi ayùn hùwà ọ̀tẹ̀ sí mi? Ẹ̀yin lẹ mú mi wọ agbo ilé yẹn, ọ̀dọ̀ yín náà ni mo gbé e padà wá.

Ẹ ẹ̀ rántí ọjọ́ yìgì? Bàbá wọn ti di olóògbé nígbà náà, Àlíyù ló jókòó sípò baba, òun ló fa ọwọ́ Ànísátù lé mi lọ́wọ́, ó ṣàdúà, gbogbo wa ṣe àmín. Ọdún méje ni mo fi ju Àlíyù lọ o! Nígbà tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá lórí afárá, ìyá rẹ̀ ṣì ń pọ̀n ọ́n. Síbẹ̀, láti ọjọ́ yìgì yẹn, ibi tí mo bá ti rí i ni mo ti ń dọ̀bálẹ̀, torí wọ́n kọ́ mi nílé pé àna ò kéré. Mo ń dọ̀bálẹ̀ fún un nínú iyanrìn, mo ń dọ̀bálẹ̀ fún un níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àwọn ọmọ Zarma, onílùú níbí, tó wà níbẹ̀ á máa wò mí bí ẹni tó sọ nǹkan nù tó ń wá a nílẹ̀. Mi ò ka èyí sí nǹkan kan. Mo ní ìyàwó dáadáa ló fún mi, kí ni àyà mi máa ṣe tí kò ní kan ilẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó máa mi orí yẹn.

Obìnrin kan wà ní Harobanda, lódìkejì odò, tó ń jẹ́ Hàdìzà. Ẹ̀rọ ló fi ń ṣe iṣẹ́ ọnà sí ọrùn agbádá, kọ̀ǹpútà ló sì ń sọ fún ẹ̀rọ yẹn ibi tí abẹ́rẹ́ máa gbà. Ìléyá ń bọ̀, aṣọ oníbàárà ti kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé òrùlé, ooru inú oṣù yìí ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n, èèyàn lè din ẹyin lórí páànù láìdá iná. Kọ̀ǹpútà Hàdìzà á ṣiṣẹ́ díẹ̀, á gbóná, á kú pì. Abẹ́rẹ́ á dúró sáàrin ọrùn aṣọ, ìlà á wọ́, iṣẹ́ á bàjẹ́, olówó aṣọ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọgun. Èèyàn méjì ti wò ó kí wọ́n tó ránṣẹ́ pè mí. Ọ̀kan ní kó lọ ra tuntun. Ìkejì ṣí páànù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ gbàlà, ó ní kí atẹ́gùn máa wọlé. Atẹ́gùn wọlé lóòótọ́, eruku náà wọlé, òwú náà wọlé, inú rẹ̀ wá dà bí inú ìrọ̀rí. Èmi ni mo wò ó tí mo ní, Hàdìzà, àpótí yìí ò ní imú ni. Ẹ jẹ́ ká dá ihò ńlá kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ihò roboto, ká de fáànù ńlá mọ́ ọn, ká fi nẹ́ẹ̀tì bo ojú rẹ̀ kí òwú má rọ́nà wọlé. Ó wò mí. Ó ní, "Ṣé o lè ṣe é kó rẹwà?" Torí iwájú níbẹ̀ ló wà, àwọn tó ń wá kó aṣọ ń rí i, obìnrin tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ sára aṣọ ò lè gbé àpótí jákujàku síwájú. Mo ní ẹ fọkàn balẹ̀. Ó ní tí èyí bá dáa, òun á mú mi káàkiri ìlà wọn, ṣọ́ọ̀bù méje ni wọ́n, iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe, ooru kan náà ló ń pa kọ̀ǹpútà wọn.

Àlájà, ó ti tó ọdún mẹ́tàdínlógún tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Talladjé, inú kọ̀rọ̀ kan tí takisí ò fẹ́ wọ̀. Kò sẹ́ni tó pè mí sọdá odò rí. Orúkọ ni mo lọ wá o! Kí wọ́n ṣáà máa sọ lókè odò lọ́hùn-ún pé ọkùnrin Yorùbá kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Ẹ ń sọ pé ihò lásán? Ihò kì í ṣe ihò lásán! Páànù ara kọ̀ǹpútà fẹ́lẹ́, ó sì le, ó ní ọ̀dà lára. Bí ẹ bá fi sísọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń gé páànù òrùlé gé e, ẹnu rẹ̀ á ká, á dà bí etí ajá tó lọ jà. Ẹ lè fi dírílì lu ihò kéékèèké yípo, kí ẹ wá ti àárín rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ẹ máa fi fáìlì rẹ́ eyín tó bá kù títí ọwọ́ yín á fi bó. Ayùn oníná táwọn káfíńtà ń lò náà lè ṣe é bí ẹ bá rí eyín irin kì bọ̀ ọ́, àmọ́ ó máa ń gbọn páànù jìgìjìgì, tí ọwọ́ bá ti yẹ̀ báyìí, ó parí. Gíráńdà ńkọ́, èyí táwọn jórinjórin fi ń gé irin ilẹ̀kùn, tó ń tú iná yàyà káàkiri? Ìlà tààrà lẹ máa rí lọ́wọ́ gíráńdà. Ẹ ní kó yípo, ẹ ti wá wàhálà, á jó ọ̀dà, á jó páànù, á jó ẹni tó mú un dání. Ṣé ẹ gbọ́ bí mo ṣe kà á? Mo mọ̀ ọ́n! Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi wò ó lórí fóònù, tí mo fi ń béèrè lọ́wọ́ àwọn jórinjórin. Ohun tó bá iṣẹ́ yẹn mu ni ayùn roboto, ó rí bí ife, eyín yí etí rẹ̀ ká, ẹnu dírílì ni wọ́n ń kì í bọ̀, ẹ gbé e lé ojú ibi tẹ́ ẹ fẹ́, ó yí, ó gé, ó já. Etí ihò náà á mọ́ kedere. Mo ní dírílì nílé. Ayùn yẹn nìkan ló kù mí kù.

Àlíyù sì ń ta irinṣẹ́. Ṣé ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ? Ṣé mo lè kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù àna mi lọ ra irinṣẹ́ lọ́wọ́ ará ìta? Ẹ̀yin gan-an lẹ máa kọ́kọ́ bá mi wí, ẹ ó ní Lùkúmàn ti ń gbéraga.

Mo lọ. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo jókòó tì í, mo tú gbogbo inú mi sílẹ̀ fún un bí ẹni ń tú ẹrù, mo sọ orúkọ Hàdìzà, mo sọ òpópónà rẹ̀, mo sọ ṣọ́ọ̀bù méje tó ń dúró dè mí, mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi dúpẹ́, ilẹ̀kùn ń ṣí o. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní "Àlùhàmúdùlílà." Ó dìde, ó gbá mi mọ́ra! Ẹnu mi yìí náà ló kọ́ ọ lọ́nà, Àlájà, ẹnu mi yìí!

Ayùn roboto náà wà lára ògiri lẹ́yìn orí rẹ̀, nínú páálí pupa kan, ìwọ̀n tí mò ń wá gẹ́lẹ́. Mo nawọ́ sí i, mo ní òun nìyẹn, ẹ bá mi sọ ọ́ kalẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn, ó yí padà sí mi, ó ní, "Èyí? Igi nìkan lèyí ń gé. Tó bá fẹnu kan irin, eyín rẹ̀ á fò sí yín lójú. Ẹ̀yin kọ̀ǹpútà lẹ mọ̀, irinṣẹ́ ni mo mọ̀, ẹ jẹ́ kí n yàn án fún yín." Ló bá bẹ̀rẹ̀, ló wọ́ gíráńdà kan jáde lábẹ́ káńtà, eruku bò ó bí ẹni tó sùn sí ọ̀nà, ó fi etí jálàmíà rẹ̀ nù ún.

Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí n mí. Ibi tó ń dùn mí jù rèé.

Wọ́n kọ ọ́ sára páálí pupa yẹn! Wọ́n kọ ọ́ ní Faransé, lẹ́tà gàdàgbà, pé irin ni wọ́n ṣe é fún. Niamey níbí ni wọ́n bí mi sí, ilé-ìwé Faransé ni mo lọ, mo lè ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lójú oorun. Mo kà á. Mo tún un kà. Mo wo ojú Àlíyù, mo sì dákẹ́! Mo dákẹ́, Àlájà, ẹ bá mi gbá mi létí! Kí ni kí n wí? Kí n nawọ́ sí páálí níwájú àwọn tó wá ra ìṣó lọ́wọ́ rẹ̀, kí n ní àna mi ń purọ́? Ẹni tó fa ìyàwó lé mi lọ́wọ́? Ẹ wá wo ìwà ọmọlúàbí tí mo hù. Mo rò ó nínú ara mi pé kéú nìkan ló kà, bóyá kò mọ̀ ọ́n kà ní Faransé, má dójú tì í, Lùkúmàn, gba ohun tó yàn fún ẹ, tó o bá délé o mọ bí wàá ṣe ṣe é. Ìtìjú rẹ̀ ni mò ń bò! Òun náà sì ń wò mí bí mo ṣe ń bò ó! Ẹni tó ti ń ta irin láti ìgbà ayé bàbá rẹ̀, tó mọ orúkọ gbogbo ìdè àti ìṣó inú ṣọ́ọ̀bù yẹn ní òkùnkùn, ẹ̀yin ẹ rò pé kò mọ ohun tí ayùn ń gé?

Ó tún ṣàdúà sórí gíráńdà náà. Ọwọ́ méjèèjì ló gbé sókè. Ó ní Ọlọ́run á fi àǹfààní sí i, mo sì fi ohùn rara ṣe àmín sí ìparun ara mi!

Wàláì, mo gbìyànjú. Mo gbé kọ̀ǹpútà Hàdìzà wá sílé, mo tú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí èérún irin má bàa kó sí i lára, mo kó wọn sínú aṣọ mímọ́, mo fi páálí ya òbìrí sára páànù náà, mo lẹ téèpù yí i ká kí ọ̀dà má bó. Ohun tí oníṣẹ́ ọwọ́ tó mọṣẹ́ ń ṣe ni mo ṣe. Mo wá tan gíráńdà. Yéè! Ó ké bí àgbò tí wọ́n ń fà lọ sí Yídì, iná tú jáde, téèpù jó, ọ̀dà wú bọ̀lọ̀jọ̀, ó fò kúrò lórí ìlà ó lọ gé ibi tí mi ò rán an. Mo dúró, mo bẹ̀ ẹ́, mo tún tàn án. Nígbà tó fi já, ihò náà ò ní orúkọ: kì í ṣe roboto, kì í ṣe onígun mẹ́rin. Ọjọ́ méjì ni mo fi fáìlì rẹ́ ẹ. Ẹ wo ìka yìí. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń yọ tí mo bá ṣàlùwàlá. Mo de fáànù mọ́ ọn, ó ń gbọ̀n, ó ń hó bí ẹni tó ní ikọ́. Mo sọ fún ara mi pé ó ṣáà ń fẹ́ atẹ́gùn. Ìtìjú ni mo gbé lé èjìká sọdá afárá.

Hàdìzà ò pariwo o. Kò bá mi jà. Ó kàn ń wò ó. Bó ṣe ní kí òun gbé agbádá oníbàárà kan kọjá, àlà funfun kan báyìí, ọrùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, etí ihò yẹn ló gbá a mú, ó fà á ya, fààà! Gbogbo wa gbọ́ ọ. Hàdìzà gbé aṣọ náà sókè, ó bojú wò mí láti inú ibi tó ya, ó wá sọ ní Haúsá pé, "Lùkúmàn, ṣé eyín lo fi gé e ni?" Ṣọ́ọ̀bù méjèèje ló rẹ́rìn-ín! Àwọn tí kò tilẹ̀ rí i rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta, màá wá páànù mìíràn, màá tún un ṣe. Mo wá a káàkiri, mo rí i láàrin àlòkù, mo kùn ún, mo yá ayùn roboto lọ́wọ́ jórinjórin kan lẹ́yìn Talladjé, mo gé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó jáde bí ohun tí wọ́n ṣe ní ilé iṣẹ́. Mo gbé e sórí itan mi nínú takisí, mo ń fi ọwọ́ pa á. Inú mi dùn, Àlájà. Mo ń kọrin!

Mo débẹ̀, mo rí kọ̀ǹpútà Hàdìzà. Ihò tuntun ti wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kejì, wọ́n ti fi páànù dí tèmi. Roboto, ó ń dán, fáànù rẹ̀ ń yí láìdún. Mo wo ṣọ́ọ̀bù kejì, ihò. Ẹ̀kẹta, ihò! Mo ní ta ló ṣe èyí? Hàdìzà ní, "Àna ẹ mà ni. Òun àti Khàlíd tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n gbé ayùn kékeré kan wá, kò tiẹ̀ pẹ́ rárá." Mo ní inú kí ni wọ́n gbé e sí? Ó ní páálí pupa kan. Páálí pupa! Èyí tó ń gé igi nìkan! Èyí tó máa fọ́ mi lójú!

Bó bá jẹ́ iṣẹ́ nìkan ló gbà, n bá sọ pé oúnjẹ ẹni kì í kọjá ẹni. Ẹ gbọ́ ohun tó kù. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Hàdìzà fọwọ́ kan èjìká mi, ó ń káàánú mi, ó ní, "Àna ẹ láàánú ẹ o. Ó ní ká má bínú sí ẹ, pé o ò mọ irinṣẹ́ yàn ni. Ó ní òun kìlọ̀ fún ẹ nípa gíráńdà yẹn, o ò gbọ́."

Ó kìlọ̀ fún mi! Súbùháná-Lọ́ọ̀! Àlíyù kìlọ̀ fún mi!

Mo dúró síbẹ̀, páànù tuntun wà ní abíyá mi. Ẹni tá a ní kó kín wa lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́. Ẹni tá a ní kó fẹ́ wa lójú, ata ló fi sẹ́nu. Kí n sọ fún Hàdìzà pé irọ́ ni? Kí n bú àna mi níwájú àwọn Zarma, kí wọ́n lè máa wí pé àwọn Yorùbá ń bú ara wọn nítorí ihò? Mo tún dákẹ́! Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dákẹ́ nítorí Àlíyù, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló fi ìdákẹ́ mi jẹun.

Ó sì wá sílé mi ní Jímọ̀ tó kọjá yìí. Ó wá! Ànísátù se ìrẹsì, ó se ẹran, ó ń sáré sókè sódò nítorí ẹ̀gbọ́n òun dé. Mo jáde láti inú yàrá, kí ẹ tó ṣẹ́jú, àyà mi ti kan ilẹ̀. Ẹ mọ̀ pé gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Inú ń run mí! Ó ní kí n dìde, ó ṣàdúà, ó jókòó, ó bu ẹran, ó wá bi mí, ẹnu rẹ̀ ṣì kún, pé "Gíráńdà yẹn ńkọ́, ṣé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa?" Ṣé ẹ mọ ohun tí mo dá a lóhùn? Ẹ ò ní gbà á gbọ́. Mo ní, "Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ kú inúure." Bẹ́ẹ̀ ni mo wí! Inúure! Mo dúpẹ́ inúure lọ́wọ́ ẹni tó pa mí!

Ẹ ní kí ni? Bóyá kò mọ̀? Àlájà, ẹ má fi èyí tàn mí, mo ti fi tan ara mi tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ kì í gbé páálí yẹn lọ sí Harobanda.

Ẹ máa bá mi bẹ̀ ẹ́ kó gba gíráńdà rẹ̀ padà, kó fún mi lówó mi? Ta ló béèrè owó? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ̀rọ̀ mi di ọ̀rọ̀ owó. Orúkọ mi ló wà lókè odò lọ́hùn-ún! Tí mo bá ń gba ibẹ̀ kọjá, àwọn tó ń ta aṣọ á máa fi eyín wọn hàn mí, wọ́n á ṣe báyìí, kàù, bí ẹni ń gé irin jẹ. Ta ló tún máa gbé kọ̀ǹpútà fún mi? Ọdún mẹ́tàdínlógún tí mo fi kọ́ ọwọ́ mi, ó fi gbólóhùn kan sọ ọ́ di ọwọ́ ẹni tí kò mọ irinṣẹ́ yàn. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Àwọn ará ìta tí mo ti ń bẹ̀rù láti ọjọ́ yìí, kò sí èyí tó ṣe mí ní nǹkan kan.

Ohun tí mo wá sọ fún yín nìyí, ẹ bá mi gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí ìyàwó mi: èmi àti ìdọ̀bálẹ̀ fún Àlíyù, ó parí. Bí mo bá rí i ní ọ̀nà, màá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ bí mo ṣe ń bọ ẹlòmíràn. Ó tún kéré sí mi lọ́jọ́ orí! Kí Ànísátù máa sunkún, kí àwọn ẹbí máa wí, èmi ò tún fi àyà mi kan ilẹ̀ fún...

Ta ló ń sálámà lẹ́nu ọ̀nà yẹn?

Àlájà. Ẹ wò mí lójú. Ohùn Àlíyù kọ́ nìyẹn? Ẹ̀yin lẹ ránṣẹ́ pè é? Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé mò ń bọ̀... Ànísátù? Ànísátù ló pè yín láàárọ̀? Ó mọ̀? Wọ́n ti rò ó fún un láti Harobanda? Èmi tí mo ti ń gbé e mì láti ìgbà tí mo ti Harobanda dé kí ọkàn rẹ̀ má bàa bàjẹ́, òun náà ti ń gbé e mì nítorí tèmi? Ó ní kí ẹ bá òun gba ọkọ òun sílẹ̀? Háà. Ànísátù. Ẹ jẹ́ kí n nu ojú mi, ẹ má jẹ́ kó rí mi báyìí...

Ẹ káàbọ̀ sà. Ẹ kú ọ̀nà. Ẹ kú oòrùn.

Ẹ wò mí, Àlájà, ẹ wo bí mo ṣe wà! Mi ò mọ ìgbà tí àyà mi kan ilẹ̀, wàláì, ara mi ló lọ fúnra rẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín, ó tó rẹ́rìn-ín, èmi gan-an ń rẹ́rìn-ín.

Kí n dìde? Ẹ ṣeun sà. Mi ò dìde. Rárá, Àlájà, ẹ fi apá mi sílẹ̀. Ẹ má ṣàdúà sí mi, ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ ọwọ́ yín kalẹ̀, mo ti ṣe àmín tó, mi ò ṣe àmín lónìí. Ẹ ó tẹ̀lé mi lọ sí Harobanda. Ẹ ó dúró níwájú Hàdìzà, kí ṣọ́ọ̀bù méjèèje gbọ́, ẹ ó sọ ọ́ ní Haúsá, ẹ ó tún un sọ ní Zarma, pé Lùkúmàn mọ irinṣẹ́ yàn, ayùn roboto ló nawọ́ sí, èmi Àlíyù ni mo gbé gíráńdà lé e lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ nìkan. Mi ò ní bú yín, mi ò ní gbé ohùn sókè sí yín, àna mi lẹ jẹ́. Ṣùgbọ́n ojú ẹnu ọ̀nà ni mo dọ̀bálẹ̀ sí yìí, ilé Àlájà ò sì ní ẹnu ọ̀nà méjì, kò sí ibòmíràn tẹ́ ẹ lè gbà wọlé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ Harobanda, màá dìde nísinsìnyí, ká jọ wá takisí. Tẹ́ ẹ ò bá fẹ́, ẹ̀yìn mi rèé sà. Ẹ bọ́ bàtà yín, kẹ́ ẹ gùn ún kọjá.